Kamal al-Din al-Farisi: Onímọ̀ tó tú nọ́ńbà dé gbòǹgbò

Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni Kamal al-Din al-Farisi, ọmọ Páṣíà tó gbé ní Tabriz, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Iran báyìí. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1320. Òṣùmàrè ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n: olùkọ́ rẹ̀, Qutb al-Din al-Shirazi, ló tọ́ka ìwé Ibn al-Haytham lórí ìmọ́lẹ̀ sí i. Ó wá rọ omi kún ìgò róbótó kan, ó fi ṣe ẹ̀kán òjò, ó sì rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣẹ́rí nínú rẹ̀ tó fi ń di aláràbarà. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí nọ́ńbà ló wù wá jù.

Ìyá tó ní ọsàn 12 lọ́jà Ẹ̀gbẹ́dá lè tò ó ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, kò ní ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ 11, yóò ṣẹ́kù ṣáá ni, àfi kó tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí kó kó o jọ lẹ́ẹ̀kan. Irú 11, àti 2, 3, 5, 7, la ó máa pè ní olóríkunkun.

Al-Farisi kọ ìwé kan fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àwọn nọ́ńbà tó ń bára wọn ṣọ̀rẹ́. Ẹ kó gbogbo nọ́ńbà tó lè pín 220 láìṣẹ́kù jọ, yàtọ̀ sí 220 fúnra rẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀: 284 ni. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 284, yóò di 220. Thabit ibn Qurra ti Baghdad, tó kú ní 901, ti fi ọ̀nà tí a lè gbà rí irú wọn lélẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé a ti kó wọn tán? Bí ẹyọ kan bá bọ́ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ó fi hàn pé nọ́ńbà yòówù tó ju 1 lọ, bí a bá ń tú u, àwọn olóríkunkun ló máa kù nígbẹ̀yìn. 220 jẹ́ 2 × 2 × 5 × 11. Yàtọ̀ sí 1, kò sí ohun tó lè pín in tí kì í ṣe láti ara àwọn wọ̀nyí. Ẹni tó bá ti mọ wọ́n, kò sí èyí tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà yìí ló fi fìdí ọ̀rẹ́ 17296 àti 18416 múlẹ̀. Orúkọ Fermat, ará Faransé, làwọn ará Yúróòpù fi ń pe méjèèjì, torí pé ó kọ nípa wọn ní 1636, ìyẹn lẹ́yìn tí al-Farisi ti kú ní ohun tó lé ní 300 ọdún. A ò sọ pé Fermat jí i o.

Òfin Thabit kò sì kó gbogbo ọ̀rẹ́ tán. 1184 àti 1210 kéré ju ti Fermat lọ dáadáa, síbẹ̀ òfin náà kò lè mú wọn jáde. Ọmọ ọdún 16 kan ní Ítálì, Nicolò Paganini (kì í ṣe gbajúmọ̀ olórin nì), ló rí wọn ní 1866.