Florence Nightingale, Nọ́ọ̀sì Onísùúrù

Ní 1820 ni a bí Florence Nightingale. Ní oṣù kọkànlá 1854, òun àti nọ́ọ̀sì 38 dé ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Scutari, ilẹ̀ Tọ́kì. Àwọn dókítà kò fẹ́ wọn. Àwọn aláìsàn ń kérora, ṣùgbọ́n Florence kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan fọwọ́ kàn wọ́n láìgba àṣẹ. Ó ni wọ́n lára púpọ̀! Nígbà tí àwọn tí ó gbọgbẹ́ pọ̀ jù, àwọn dókítà fúnra wọn ké sí wọn. Ní 1860, a ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni Kòfowórọlá Pratt, ọmọ Èkó, ti kọ́ṣẹ́. Florence sùn ní 1910.

Ẹ jẹ́ kí a máa gbàdúrà fún àwọn nọ́ọ̀sì tí ó mọ ohun tí ó yẹ, tí a kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é.