Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips: Ẹni Tí Ó Gbèjà Ọ̀rọ̀ Yorùbá Nínú Orin Ìjọ

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé, lóko àti lókè òkun, ó yẹ kí á máa rántí àwọn aṣáájú tí iṣẹ́ wọn ṣe gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní àǹfààní, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni olóògbé Phillips, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí bàbá orin ìjọ ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 1884 ni a bí i. Bàbá rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tí ó ṣiṣẹ́ ìyìn rere fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Oǹdó. Nígbà tí Ẹkúndayọ̀ di ọmọ ọdún 18, òun ni ó ń tẹ dùùrù ní Ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́, Breadfruit, ní Èkó. Ní 1911, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ́ dùùrù, píánò àti fayolíìnì níbẹ̀. Ní 1914, ó padà wá di olórí orin ní Kátídírà Kírísítì ní Marina. Ọdún 48 gbáko ni ó lò nínú iṣẹ́ náà.

Kí a tó lè mọ rírì ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí á mọ ìṣòro tí ó bá nílẹ̀. Àwọn àlùfáà ìgbà àtijọ́ ti túmọ̀ orin mímọ́ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ fi ń kọ wọ́n. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, orin lè gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ má yí padà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣi ohùn gbé, ọkọ̀ tí ó fẹ́ wọ̀ lè di ọkọ́ tí a fi ń roko, ìgbà sì lè di igbá. Ìjọ ń kọrin tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ohun tí etí ń gbọ́ kì í ṣe ohun tí ìwé wí. Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò sì rí nǹkan dì mú.

Bí a bá wá pín orin sí ohùn mẹ́rin, ìṣòro náà di méjì. Bí tírébù bá tọ ọ̀nà ọ̀rọ̀, báàsì lè máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè. Ohùn yóò bára dọ́gba, ọ̀rọ̀ yóò sì dàrú.

Ọ̀gbẹ́ni Phillips kò torí èyí kọ ẹ̀kọ́ tí ó gbà lókè òkun sílẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn akọrin rẹ̀ ní iṣẹ́ àwọn àgbà olórin Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó tún jókòó ti orin àwọn baba wa. Ó rí i pé ohùn márùn-ún ni ó wọ́pọ̀ nínú wọn, àti pé láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu ni orin Yorùbá ti ń jáde. Ní 1953, ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Kì í ṣe òun nìkan ni ó rin ọ̀nà yìí, nítorí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta náà ti kọ orin ìbílẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ṣùgbọ́n Phillips ṣàlàyé òfin rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn lè kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ sì ṣe orin fún ìsìn ní èdè Yorùbá.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Fela Sowande, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 1962, ọmọ rẹ̀, Ọbáyọ̀mí Phillips, gba ipò náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1992. Bàbá fúnra rẹ̀ fi ayé sílẹ̀ ní 1969.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹgbẹ́ akọrin wa gbogbo. Kí á tó pín orin fún tírébù, áátò, tẹ́nọ̀ àti báàsì, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, kí á gbọ́ ibi tí ó ń lọ. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ń fọ́.