Pierre-Jules Boulanger: Ọ̀gá Citroën tó fi gééjì ọ́ìlì bá àwọn ọmọ ogun Jámánì jà

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1973, mọ́tò Citroën 2CV 60 gbéra láti Abidjan. Tunis ni wọ́n ń lọ, ìrìnàjò nǹkan bíi 8,000 kìlómítà, aṣálẹ̀ Ténéré sì wà lójú ọ̀nà.

Kò sí rédíétọ̀ lára ọ̀kankan nínú wọn, nítorí náà kò sí omi tó máa hó. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì wọn lára, bíi ti Volkswagen Ìjàpá táwọn bàbá wa wà nígbà náà.

Ọkùnrin tó ní kí wọ́n ṣe mọ́tò náà ti kú láti bíi ọdún 23 sẹ́yìn.

Ọdún 1885 ni wọ́n bí Pierre-Jules Boulanger ní Sin-le-Noble, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Faransé. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ mọ́tò. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì tún kọjá sí Canada, níbi tó ti ń kọ́lé. Ogun Àgbáyé Kìíní ló dá a padà sílé. Nígbà tí ogun parí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé iṣẹ́ Michelin tó ń ṣe táyà.

Gbèsè dá Citroën dúró lọ́dún 1934, Michelin sì gba ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí Pierre Michelin kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní ìparí 1937, Boulanger di ọ̀gá pátápátá.

Mọ́tò àgbẹ̀ ló ń wá. Ó fẹ́ èyí tó máa gbé àgbẹ̀ méjì àti 50 kílò ọ̀dùnkún, tí kò ní mu ju lítà epo 3 lọ fún 100 kìlómítà, tó sì lè gba orí ebè kọjá kí ẹyin inú apẹ̀rẹ̀ má fọ́. Èèyàn gíga ni. Wọ́n ní ó máa ń dé fìlà wọ inú mọ́tò náà láti wò ó bóyá òrùlé á kàn án.

Gééjì tó ń parọ́

Ogun dé kí mọ́tò náà tó jáde. Nígbà táwọn ará Jámánì gba Paris lọ́dún 1940, Boulanger ní kí wọ́n kó àwọn àpẹẹrẹ mọ́tò náà pamọ́, kí wọ́n ba ìyókù jẹ́. Ó kọ̀ láti rí Ferdinand Porsche, ẹni tó ṣe Ìjàpá.

Wọ́n fipá mú Citroën láti máa ṣe ọkọ̀ akẹ́rù fáwọn ọmọ ogun Jámánì. Boulanger ní káwọn òṣìṣẹ́ máa fiṣẹ́ falẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ààmì orí gééjì ọ́ìlì sísàlẹ̀ ju ibi tó yẹ lọ. Bí dẹ́rẹ́bà bá wò ó, á rò pé ọ́ìlì ti pé. Kò pé rárá, ojú ọ̀nà sì ni ẹ́ńjìnnì á ti nọ́ọ̀kì. Gééjì náà kì í ṣe ayédèrú o. Ojúlówó láti ilé iṣẹ́ ni.

Wọ́n rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé táwọn ará Jámánì kọ orúkọ àwọn ọ̀tá wọn sí. Bí àṣírí gééjì yẹn bá tú, ẹ̀mí ni ì bá fi dí i.

Omi ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ń lò. Walter Becchia, ọmọ Ítálì, ló ṣe èyí tó ń lo afẹ́fẹ́: 375cc, agbára ẹṣin 9. Nígbà tí 2CV jáde ní Paris ní oṣù Kẹwàá 1948, àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ rà á ní láti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì náà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ti tẹ crankshaft rẹ̀ pọ̀, mẹkáníìkì ẹ̀bá títì kò lè tú u. Bí ó bá bàjẹ́, odindi ni wọ́n ń pààrọ̀. Páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí wọ́n bá yọ ọ́ dànù, afẹ́fẹ́ fáànù á ṣìnà, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná. Ìdí nìyí táwọn tó ń tún 2CV àtijọ́ ṣe fi ń wá ojúlówó pátì kiri.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1950 ni Boulanger kú, lẹ́ni ọdún 65, nínú ìjàǹbá mọ́tò lójú ọ̀nà Clermont-Ferrand sí Paris. Citroën ló ń wà.

Kò rí Baby-Brousse, mọ́tò tí ilé iṣẹ́ Ateliers et Forges de l'Ébrié bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abidjan láàrin àwọn ọdún 1960. Páànù tí wọ́n ká ni ara rẹ̀, 2CV ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Keje 1990, 2CV tó kẹ́yìn jáde nílé iṣẹ́ ní Mangualde, Pọtogí. Afẹ́fẹ́ ló ṣì ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára.