Willie Johnson, Afọ́jú Akọrin Ìhìnrere

Ní ọdún 1897 ni a bí Willie Johnson, ọmọ adúláwọ̀, ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré. Nígbà tí ó dàgbà, a máa dúró ní igun títì pẹ̀lú gìtá rẹ̀, a máa kọrin ìhìnrere, àwọn tí ń kọjá a sì máa ta á lọ́rẹ. Láàrin ọdún 1927 sí 1930, ilé iṣẹ́ Columbia gba ọgbọ̀n orin rẹ̀ sínú àwo.

Ọ̀kan nínú wọn ni “Nobody’s Fault but Mine”, tí ó kọ ní ìlú Dallas ní oṣù kejìlá ọdún 1927. Ó jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé Bíbélì wà nílé òun, pé àwọn ará ilé òun sì ti kọ́ òun ní ìwé kíkà. Bí òun kò bá kà á, tí ọkàn òun sì ṣègbé, kò sí ẹlòmíràn tí ó jẹ̀bi. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kò rí lẹ́tà ni ó kọ orin yìí!

Ní ọdún 1945, iná jó ilé rẹ̀ ní ìlú Beaumont. Gẹ́gẹ́ bí aya rẹ̀ ti ròyìn, inú ahoro náà ni wọ́n padà sùn, lórí ibùsùn tí omi ti rin. Àìsàn dé, ó sì kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nínú òṣì.

Orin rẹ̀ kò bá a wọ ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì gbé e, Grateful Dead ń kọ ọ́ lórí ìtàgé. Ní ọdún 1976, Led Zeppelin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìlù ńlá àti gìtá oníná kọ ọ́. Ó dùn, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ Bíbélì kúrò, wọ́n fi Èṣù sí i, orúkọ méjì nínú ara wọn ni wọ́n sì kọ sára àwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni orin. Orúkọ afọ́jú náà kò sí níbẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, a fi orin rẹ̀ mìíràn sínú àwo tí a fi wúrà bò, ọkọ̀ Voyager sì gbé e lọ sí òfurufú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, a ti kọ́ àwa náà ní ìwé kíkà, ojú wa sì là. Bí a kò bá kà, ta ni a ó dá lẹ́bi? Bí a bá sì di ẹni ńlá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yọ orúkọ àwọn tí ó kọ́ wa kúrò lára àwo.