Robert Bosch

Robert Bosch (tí a bí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1861, tí ó sì kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1942) jẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti oníṣòwò ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ó dá ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Stuttgart ní ọdún 1886. Ara púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n èyí tí ó kan àgbẹ̀ àti awakọ̀ akẹ́rù jùlọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pọ́ńpù tí ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́

Abúlé Albeck, nítòsí ìlú Ulm ní gúúsù Jámánì, ni a ti bí Bosch. Òun ni ọmọ kọkànlá nínú àwọn ọmọ méjìlá tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Servatius, bàbá rẹ̀, jẹ́ àgbẹ̀, ó sì ní ilé èrò tí àwọn arìnrìn-àjò ń wọ̀ sí. Ní ọdún 1869 ni ìdílé náà ṣí lọ sí Ulm. Ilé-ìwé kò wu Robert, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń ṣe àwọn ẹ̀rọ wẹ́wẹ́. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí pé ọ̀gá rẹ̀ kì í sábà ráyè kọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Ó jọ pé kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé nígbà tí òun náà di ọ̀gá, ó ya ibi iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ ní ọdún 1913 fún kíkọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìkan.

Ó ṣiṣẹ́ káàkiri Jámánì, ó sì rékọjá sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1884, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Thomas Edison. Lẹ́yìn náà ni ó dúró díẹ̀ ní Ìlú Ọba kí ó tó padà sílé.

Ilé-iṣẹ́ ní Stuttgart

Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1886 ni Bosch ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Stuttgart, pẹ̀lú oṣiṣẹ́ kan àti ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Wọ́n ń ri tẹlifóònù àti agogo oníná mọ́ ilé àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń tún oríṣiríṣi nǹkan ṣe. Ní ọdún 1887, oníbàárà kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun ṣe mágínétò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń mú iná ta nínú ẹ́ńjìnnì. Bosch kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹnikẹ́ni ní àṣẹ lórí rẹ̀ ní ìlànà òfin, kí ó tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ le fún un, débi pé ní ìgbà kan ó ní láti dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró.

Ní ọdún 1897 ni wọ́n ṣe àtúnṣe sí mágínétò náà kí ó lè bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mu. Ní ọdún 1902, Gottlob Honold, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, parí èyí tí ó ń lo púlọ́ọ̀gì. Láti ìgbà náà ni owó ti ń wọlé. Ní ọdún 1906, Bosch dín iṣẹ́ òòjọ́ kù sí wákàtí mẹ́jọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ oníléeṣẹ́ kò gba tirẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ pé Bosch Pupa, bí ẹni pé alátìlẹ́yìn àwọn olóṣèlú òṣìṣẹ́ ni. Èyí kò ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ má da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1913.

Pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í lo púlọ́ọ̀gì láti tan epo rẹ̀. Ńṣe ni ó máa ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná gidigidi. Bí a bá wá fín epo sí i, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni bí a ó ṣe fín epo sínú ibi tí afẹ́fẹ́ ti há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Rudolf Diesel fúnra rẹ̀ lo ẹ̀rọ mìíràn tí ń fi afẹ́fẹ́ alágbára ti epo wọlé. Ẹ̀rọ náà tóbi, ó sì wúwo. Ó bá ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi mu, kò bá ọkọ̀ akẹ́rù tàbí katakata mu.

Ní ọdún 1922 ni Bosch pinnu pé ilé-iṣẹ́ òun yóò ṣe pọ́ńpù tí yóò yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ó tó ọdún márùn-ún kí ó tó dé ọjà, ní ìparí ọdún 1927. Nínú pọ́ńpù náà, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá irin kékeré tirẹ̀ tí ń lọ sókè sódò nínú ihò kan. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà ní dàgìrì-dàgìrì. Bí irin eléyín kan bá yí ọ̀pá yìí díẹ̀, ìwọ̀n epo tí yóò jáde yóò pọ̀ tàbí kí ó dín kù. Àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀pá àti ihò kò ju ìwọ̀n díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà lọ. Epo tí ń gba ibẹ̀ kọjá ni ó ń mú un yọ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi ọ̀pá ihò kan bọ ihò mìíràn, tí omi àti eruku sì fi jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní katakata àtijọ́ yóò rí i pé púpọ̀ nínú ẹ̀sùn tí a fi ń kan pọ́ńpù kì í ṣe ẹ̀bi pọ́ńpù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú páìpù epo ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí, nítorí pé afẹ́fẹ́ a máa há mọ́ra, kò sì ní jẹ́ kí agbára ọ̀pá náà dé ibi tí ó yẹ. Mẹkáníìkì yóò yẹ táǹkì àti asẹ́ wò, yóò tú bóòtù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, yóò sì máa fi ọwọ́ pọ́ǹpù epo títí èyí tí ń jáde kò fi ní hó mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń kọsẹ̀, yóò dẹ páìpù sílíńdà kọ̀ọ̀kan díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí a dẹ̀ tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà ni kò ṣiṣẹ́. A kì í fi ọwọ́ sí iwájú ibi tí epo ń fín jáde, nítorí pé ó lè gún awọ ara wọlé. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó lè gbé pọ́ńpù lọ fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ní ọdún 1936, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Mercedes-Benz 260 D jáde pẹ̀lú pọ́ńpù Bosch.

Ìdílé àti oko

Bosch fẹ́ Anna Kayser ní ọdún 1887. Robert, ọmọkùnrin wọn tí ó ń retí pé kí ó jogún iṣẹ́, ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́, ó sì kú ní ọdún 1921. Ìgbéyàwó náà tú ká, Bosch sì fẹ́ Margarete Wörz ní ọdún 1927. Wọ́n bí ọmọ méjì.

Ọmọ àgbẹ̀ kò gbàgbé oko. Láti ọdún 1912 ni ó ti ra ilẹ̀ àbàtà ní gúúsù ìlú Munich. Ó sọ ọ́ di oko ńlá tí wọ́n ń pè ní Boschhof, níbi tí ó ti ń dán ọ̀nà àgbẹ̀ ìgbàlódé wò.

Ogun méjèèjì

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Bosch kò fẹ́ jẹ èrè lórí ohun ìjà, ó sì fi owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 10 máàkì ṣe ìtọrẹ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún mímú odò Neckar dára fún ọkọ̀ ojú omi. Ìjọba Amẹ́ríkà gba ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn.

Ìtàn ìgbà ìjọba Nazi kò rọrùn láti sọ ní ọ̀rọ̀ kan. Bosch àti àwọn alábòójútó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ran àwọn Júù lọ́wọ́, wọ́n sì gba Carl Goerdeler, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú àwọn tí ó dìtẹ̀ mọ́ Hitler, sí iṣẹ́ kí ó lè rí ààbò. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣe ohun èlò ogun fún ìjọba yìí, àwọn tí wọ́n sì fi tipá mú ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ogun tó nǹkan bí 20,000, títí kan àwọn ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ ìfìyàjẹni. Ojú ìwé tí ó bá sọ apá kan, tí ó sì fi èkejì sílẹ̀, kò tíì sọ ìtàn ọkùnrin yìí.

Ikú rẹ̀

Bosch kú ní Stuttgart, ìjọba Nazi sì ṣe ìsìnkú ìjọba fún un. Ó ti kọ ìwé ìhágún sílẹ̀ pé kí èrè iṣẹ́ òun máa ṣe aráàlú lóore. Àjọ aláàánú tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ó ni ìdá tí ó lé ní 90 nínú 100 ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-ìwòsàn tí ó dá sílẹ̀ ní Stuttgart ní ọdún 1940 ṣì ń gba aláìsàn. Hans Walz, tí ó darí ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, gba oyè Olódodo Láàrin Àwọn Orílẹ̀-èdè láti ọwọ́ Ísírẹ́lì ní ọdún 1969 nítorí àwọn Júù tí ó ràn lọ́wọ́.