Ìtàn Hakuin, Olùkọ́ Àṣàrò ní Ilẹ̀ Japan

Ní ayé àtijọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ti Edo, ìlú tí a ń pè ní Tokyo lóde òní, lọ sí Kyoto níbi tí ọba ilẹ̀ Japan ń gbé, ojú ọ̀nà ńlá kan tí a ń pè ní Tokaido ni ó máa ń gbà. Ní ẹ̀bá ọ̀nà náà, ní ìsàlẹ̀ òkè Fuji, ni ìlétò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hara. Ibẹ̀ ni àwọn èrò ń wọ̀ sí láti sinmi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pààrọ̀ ẹṣin. Àwọn òbí Hakuin ní ilé èrò níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí ní ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1686. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Iwajiro ni wọ́n ń pè é ní kékeré. Hakuin jẹ́ orúkọ tí ó gbà nígbà tí ó dàgbà, ṣùgbọ́n èyí ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, òun náà ni a ó sì máa lò.

Ìyá rẹ̀ jẹ́ olùfọkànsìn nínú ẹ̀sìn Búdà. Ní ọjọ́ kan ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí tẹ́ḿpìlì láti gbọ́ ìwàásù, oníwàásù ọjọ́ náà sì sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀run àpáàdì mẹ́jọ tí iná ń jó nínú wọn. Bóyá àwọn àgbàlagbà tilẹ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó dé ilé, ṣùgbọ́n ó wọ ọmọdé yìí lára dé egungun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ wẹ̀. Ìyá náà fẹ́ kí omi gbóná dáadáa, a sì ń kó igi sí iná lábẹ́ ìkòkò ìwẹ̀. Bí iná ti ń ta pàrà tí ó sì ń hó, tí ooru sì ń ta ọmọ náà lára, ó rò pé ọ̀run àpáàdì ni ó dé. Ó figbe ta, gbogbo àdúgbò sì gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ àtikọ́ ọmọdé, ẹ ṣàkíyèsí èyí: ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan láti ẹnu oníwàásù kan ni ó ran ọkùnrin yìí ní iṣẹ́ tí ó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá ibi tí yóò sá sí. Ó ń gbàdúrà, ó ń ka ìwé mímọ́ wọn ní àkàsórí. Ó lọ wo eré ọmọlangidi kan, nínú èyí tí a ti fi hàn bí ìkòkò irin gbígbóná kò ti lè jó orí ẹni mímọ́ kan tí ó ń ka ìwé mímọ́. Nígbà tí ó dé ilé, ó ka ìwé tirẹ̀, ó fi irin sínú iná títí ó fi pọ́n, ó sì fi kan itan ara rẹ̀. Irin náà jó o. Nígbà náà ni ó pinnu pé òun yóò fi ilé sílẹ̀, òun yóò sì di mọ́ńkì, èyíinì ni ẹni tí ó fi ayé sílẹ̀ fún ìsìn. Ní ọdún 1699, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, wọ́n fá orí rẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì Shoin-ji ní Hara.

Ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tí ó wọ̀ ni a ń pè ní Zen. Àṣàrò ni olórí iṣẹ́ wọn. Mọ́ńkì a ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, a na ẹ̀yìn rẹ̀ ní títọ́, a sì jókòó láìmira, a máa ṣọ́ èémí rẹ̀ bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Nígbà mìíràn olùkọ́ a fún un ní ọ̀rọ̀ kan bí àlọ́, tí ọgbọ́n orí kò lè já, kí ó máa gbé e yẹ̀wò ní ọkàn ní ọ̀sán àti ní òru. Wọ́n gbàgbọ́ pé nígbà tí èrò bá rẹ̀ tán, ojú ọkàn yóò là.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tún bá Hakuin nínú ibi ìsádi rẹ̀. Ní ọmọ ọdún 19 ó ka ìtàn Yantou, àgbà olùkọ́ Zen ní ilẹ̀ China, ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà pa ní ọdún 887, tí igbe ikú rẹ̀ sì dún dé ọ̀nà jíjìn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́ṣà, báwo ni mọ́ńkì kékeré kan yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ iná ọ̀run? Ó rẹ̀wẹ̀sì pátápátá, ó fi àṣàrò sílẹ̀, ó sì ń fi ewì àti àwòrán pa ìrònú rẹ́. Ní ọdún 1705, níbi tí a gbé sá àwọn ìwé tẹ́ḿpìlì kan sí afẹ́fẹ́, ó di ojú, ó sì mú ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí ó ṣí sọ nípa mọ́ńkì àtijọ́ kan tí ó máa ń fi irin mímú bí òlu gún itan ara rẹ̀ kí oorun má baà gbé e lọ nígbà àṣàrò. Ọ̀rọ̀ yìí gbà á lọ́kàn, ó sì tún padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi agbára ṣe é, bí ẹni tí ń fi orí fọ́ ògiri. Ní oṣù kejìlá ọdún 1707 òkè Fuji bú, ilẹ̀ mì, eérú bo ojú ọ̀run. Gbogbo ènìyàn sá jáde kúrò ní Shoin-ji. Hakuin nìkan ni ó jókòó níbẹ̀ tí ó ń ṣe àṣàrò. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní tẹ́ḿpìlì kan ní agbègbè Echigo, ó gbọ́ ohùn agogo láti òkèèrè ní òru, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo ìdè ọkàn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun gan-an ni Yantou, láàyè àti ní àlàáfíà. Ìgbéraga sì wọ̀ ọ́: ó rò pé kò tíì sí ẹni tí ó rí irú rẹ̀ láti 300 ọdún.

Ọkùnrin arúgbó kan tí a ń pè ní Shoju, tí ń gbé inú ahéré ní Iiyama, ni ó mú ìgbéraga náà kúrò. Ó fà á ní imú, ó bú u, ó sì tì í ṣubú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni Hakuin fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ó ń ṣagbe kiri ìlú, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó rì sínú ìrònú tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbọ́ pé ìyá arúgbó onílé ní kí ó máa lọ. Obìnrin náà fi ìgbálẹ̀ lù ú ṣubú. Nígbà tí ó dìde, àlọ́ tí ó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu ti já, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé ìyọnu rẹ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó tún ki ara bọ àṣàrò láìjẹun dáadáa, láìsùn, ni àìsàn ńlá kọlù ú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ àmì àìsàn náà sílẹ̀. Orí rẹ̀ ń gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù bí ẹni pé ó kì wọ́n bọ inú yìnyín. Etí rẹ̀ ń hó bí ẹni tí ó ń rìn ní ẹ̀bá odò tí ń ya lórí àpáta. Abíyá rẹ̀ ń làágùn, ojú rẹ̀ kún fún omi nígbà gbogbo. Ohun kékeré a máa dẹ́rù bà á. Bí ó sùn, bí ó jí, ó ń rí ìran àjèjì. Ẹni tí òkè tí ń yọ iná kò lé kúrò lórí ìjókòó ni èyí, òun ni ó wá ń fò sókè nítorí ìró kékeré! Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Kò sí ẹni tí ó rí ohunkóhun ṣe sí i.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ìròyìn Hakuyu, ẹni tí ń dá gbé nínú ihò àpáta ní òkè Shirakawa lẹ́bàá Kyoto. Àwọn ará abúlé ń sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 180 ọdún. Hakuin gun òkè náà, ó sì bá a ní ìjókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí a fi eèsún hun, pẹ̀lú ìwé mẹ́ta péré lórí tábìlì rẹ̀. Hakuyu yẹ iṣan ọwọ́ rẹ̀ wò, ó sì sọ fún un pé àṣàrò àṣejù ni ó dá àìsàn náà sílẹ̀. Iná inú ọkàn ti gòkè lọ sí orí, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ ara sì ti di ahoro. Ó fi ara wé ìlú: ọba tí ó bá ń wo òkè nìkan tí ó sì gbàgbé àwọn mẹ̀kúnnù yóò rí i pé ebi àti ọ̀tẹ̀ yóò gba ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, ìlú rẹ̀ yóò tòrò.

Àwa Yorùbá kò ní rí èyí bí ohun àjèjì, nítorí nígbà tí ìbẹ̀rù bá kúrò lára ènìyàn, a ń wí pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí Hakuyu kọ́ ọ kò ju bí a ti í mú ọkàn wá sí ilẹ̀ lọ. Àkọ́kọ́, kí ó dùbúlẹ̀ ní alẹ́ kí oorun tó dé, kí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n kan ara wọn, kí ó mú èémí àti èrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ìdodo, sí itan, àti sí àtẹ́lẹsẹ̀. Èkejì ni ti bọ́tà. Kí ó jókòó, kí ó rò ó ní ọkàn pé a gbé bọ́tà olóòórùn dídùn kan, tí ó tóbi tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, ka òun ní orí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yọ́. Ó ń rin agbárí, ó ń ṣàn sí èjìká àti apá, sí àyà, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀, agbẹ̀du àti ìfun, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn lọ, ohun gbogbo tí ó ti dì pọ̀ sì ń bá a ṣàn lọ bí omi, títí ó fi dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà a tún gun òkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé olúwarẹ̀ jókòó nínú agbada omi gbígbóná tí a fi ewé olóòórùn sí. Bí ó bá jẹ́ pé ní ilẹ̀ tiwa ni, òrí ni Hakuyu ì bá lò. Ẹni tí ìyá àgbà ti fi òrí pa ní orí àti ní àyà ní òwúrọ̀ ọyẹ́ yóò mọ̀ bí ara ti í rọ̀.

Ẹ kíyèsí i pé omi gbígbóná ni ó dẹ́rù ba ọmọdé yìí ní Hara, omi gbígbóná kan náà ni ó sì di àwòrán ìtura rẹ̀. Ó ṣe bí a ti kọ́ ọ. Kò tó ọdún mẹ́ta, láìlo oògùn, tí àìsàn náà fi lọ. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ó lè wà láìwọ ìbọ̀sẹ̀ àti láìyáná nígbà òtútù líle.

Nínú ìwé rẹ̀, ọdún 1710 ni Hakuin fi ìrìn àjò yìí sí. Àwọn onímọ̀ ìtàn sì ti fi hàn pé Hakuyu wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 1709 ni ó kú. Ó lè jẹ́ pé Hakuin fi ìtàn ṣe ẹ̀wù fún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Ní tèmi, èyí kò dín iyì rẹ̀ kù: ẹni tí kò bá ti jẹ nínú ìyà náà kò lè to àmì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1717 ó di alábòójútó Shoin-ji, tẹ́ḿpìlì kékeré tí ó ti fá orí. Òrùlé rẹ̀ ń jò, ẹrù ibẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn olówó èlé. Ibẹ̀ ni ó jókòó sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1726 ó ń ka ìwé mímọ́ tí ẹ̀ka ìsìn ìyá rẹ̀ fẹ́ràn jù, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti kà nígbà èwe tí kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìrẹ̀ kan ń ké lábẹ́ òkúta ìpìlẹ̀ ilé. Lójijì ìwé náà yé e, ó sì sọkún sókè. Ó jẹ́ ẹni 40 ọdún. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí ó kàn ni láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wá láti gbogbo ilẹ̀ Japan. Tẹ́ḿpìlì kò gbà wọ́n. Wọ́n ń gbé inú ilé ahoro àti ojúbọ àtijọ́ yí ká. Wọ́n ń jìyà ebi, wọ́n sì ń fi agbára ṣe àṣàrò gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ṣe rí, títí tí àìsàn kan náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Hakuin mọ ohun tí ó rí. Kò dá iṣẹ́ wọn dúró, ṣùgbọ́n ó kọ́ wọn ní ti bọ́tà àti ti mímú èémí sọ̀ kalẹ̀, ní ọdún 1757 ni a sì tẹ ìwé Yasen Kanna, nínú èyí tí ó kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ìjòyè, ó kọ orin fún àwọn àgbẹ̀, ó sì ya àwòrán tí iye rẹ̀ ju 1,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Òun ni ó pilẹ̀ àlọ́ tí ó ń béèrè ìró ọwọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka Zen tí a ń pè ní Rinzai ní ilẹ̀ Japan lónìí ni ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1769, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni 83, oníṣègùn kan wá yẹ iṣan rẹ̀ wò, ó sì ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Hakuin bá a wí pé irú oníṣègùn wo ni kò lè mọ̀ pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni tí ó dì mú yóò kú. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, níbi tí ó gbé fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn ní Shoin-ji, ó kérora lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì kú.