Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀rù ṣọ̀pọ̀ná a máa ba tọmọdé-tàgbà nílẹ̀ Yorùbá. Wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Olóde ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá pa ènìyàn, àwọn àwòrò rẹ̀ ni í kó ẹrù òkú lọ.

Ìlú Freetown ni a bí Ògúntọ́lá Sàpárà sí ní ọdún 1861. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní òkè-òkun, ó sì di dókítà ìjọba ní Èkó. Ó mọ̀ pé àrùn náà a máa ti ara ẹnì kan ran ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó fura pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú bí ó ti ń gbilẹ̀. Ní ọdún 1897, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó wọ ẹgbẹ́ awo àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé àwọn kan ń ha èépá ara aláìsàn, tí wọ́n sì ń fi í kó àrùn ran àwọn tí ara wọn le. Ó tú àṣírí wọn, ó sì ń rọ gbogbo ènìyàn láti bupá kí àrùn náà má baà mú wọn.

Lẹ́yìn náà, ìjọba fi òfin de ìsìn náà. Sàpárà kú ní 1935. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀ná ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Ẹni tí yóò bá ṣẹ́gun àrùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé.